Kọ̀ǹpútà tuntun ta gìrì, ó dákẹ́: ṣé PSU ni?

Aláwòrán_Kábà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan.

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa fi ṣe iṣẹ́ àwòrán àti báńnà ní ṣọ́ọ̀bù kan níbí ní Kábà ni. Tuntun ni gbogbo rẹ̀, àfi káàdì àwòrán tó jẹ́ àlòkù. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: CPU Ryzen 5 5600, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú fáànù tó bá a wá nínú páálí, mọ́dábọ́ọ̀dù B450 kékeré, ìyẹn micro-ATX, RAM DDR4 8GB méjì tí wọ́n kọ 3200 sí lára, káàdì àwòrán RX 580 8GB, NVMe 500GB tó ń tọ́jú fáìlì, àti PSU 550W, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, tí kébù rẹ̀ ṣeé yọ. Kéèsì náà tóbi, ó gba ATX, ìyẹn bọ́ọ̀dù ńlá.

Bó ṣe ń ṣe nìyí. Bí mo bá tẹ bọ́tìnì, gbogbo fáànù á ta gìrì, wọ́n á yí bí ìdajì ìyípo, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́. Bí mo bá tún un tẹ̀, kò ní dáhùn rárá. Àfi kí n yọ wáyà lára ògiri, kí n dúró bí ìṣẹ́jú kan, kí n tó dá a padà. Ìgbà yẹn ló máa tó tún ta gìrì lẹ́ẹ̀kan. Ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn. Mo fi iná ìjọba dán an wò, mo fi jẹnẹrétọ̀ dán an wò, bákan náà ni.

Ẹni tó ta PSU ní kí n gbé e padà wá, kí n fi owó kún un gba èyí tó tóbi jù ú lọ. Ṣé PSU ni lóòótọ́?

Yàgbà_Tẹ́ẹ̀kì

PSU ni. RX 580 ń jẹ iná. Ra 750W.

Ọ̀gá_Wáyà_Ìsánlú

Ọ̀kun, àbúrò. Má tíì náwó kankan.

PSU tó ti kú kì í ta gìrì. Èyí tó yí díẹ̀ tó sì sé, tí kò tún gbọ́ àfi bí wọ́n bá yọ wáyà lára ògiri, PSU tó ń gba ara rẹ̀ là ni. Ó fún bọ́ọ̀dù ní 12V, ó rí i pé iná náà ń ṣàn lọ síbi tí kò sí ohun tó dí i lọ́nà, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣí títí iná tó kù nínú rẹ̀ yóò fi tán. Ìdí nìyẹn tí o fi ní láti dúró ìṣẹ́jú kan. Níbì kan nínú kéèsì yẹn, 12V ń kan áàtì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà; ṣọ́ọ̀tì là ń pe èyí. Ibẹ̀ la ó wá.

Ti pé 550W kéré: 65W ni wọ́n kọ sí Ryzen 5 5600, 185W ni RX 580. Bọ́ọ̀dù, RAM, NVMe àti fáànù, kí a pè é ní 60W. Bí iṣẹ́ bá le dé ojú ẹ̀, 550W ṣì tó o. Àti pé nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ bọ́tìnì, káàdì náà kò tíì gbé ẹrù kankan. Bí 750W bá bá ṣọ́ọ̀tì kan náà pàdé, òun náà á ta gìrì, á dákẹ́.

Yọ wáyà lára ògiri. Tẹ bọ́tìnì kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan kí iná tó kù lè tán. Bó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, fọwọ́ kan irin kéèsì tí kò lọ́dà kí o tó kan bọ́ọ̀dù, má sì ṣe é lórí rọ́ọ̀gì; iná ara máa ń pọ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ó sì lè pa RAM láìjẹ́ pé o rí i tó ta.

Kọ́kọ́ wo kébù tó wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì CPU, lókè bọ́ọ̀dù lápá òsì. Kébù CPU máa ń pín sí mẹ́rin àti mẹ́rin. Ti káàdì àwòrán máa ń pín sí mẹ́fà àti méjì. Ojú wọn jọra, ara ni kò bára mu: ibi tí 12V wà nínú ọ̀kan ni áàtì wà nínú èkejì. Wọ́n gé igun ihò wọn kí wọ́n má baà wọ ara wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi agbára tì í lè tì í wọlé. Bí gbogbo wáyà rẹ̀ bá dúdú, ka ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀: CPU ni, àbí PCIe tàbí VGA. Kébù tó bá PSU yẹn wá nínú páálí nìkan ni kí o lò. Apá tó ń wọ bọ́ọ̀dù ni gbogbo ilé iṣẹ́ ṣe bákan náà. Apá tó ń wọ PSU fúnra rẹ̀, oníkálukú ló ń to tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Kébù PSU míì lè wọlé wẹ́rẹ́ kó sì sun bọ́ọ̀dù.

Lẹ́yìn èyí, èèkàn idẹ. Àwọn idẹ kékeré tó máa ń gbé bọ́ọ̀dù sókè kúrò lára irin kéèsì ni mò ń wí. Èèkàn mélòó ni o dè? Ihò mélòó ni bọ́ọ̀dù rẹ ní? Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọgbọọgba, ojú sì gbọ́dọ̀ ko ojú. Èèkàn tí kò ní ihò lókè rẹ̀ á lọ gún ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù níbi tí wọ́n jó òjé sí, irin kéèsì sì ti jẹ́ áàtì. Micro-ATX nínú kéèsì ńlá, ibẹ̀ ni mo ti ń fura.

Bí o kò bá rí nǹkan kan, gbé bọ́ọ̀dù jáde pátápátá. Tẹ́ ẹ sórí páálí rẹ̀. Má tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá fàdákà tó fi wọ inú páálí, ìta ọ̀rá yẹn ń gbé iná. CPU àti fáànù rẹ̀, RAM kan ṣoṣo, kébù gbọọrọ 24, kébù CPU, ó tán. Má fi káàdì àwòrán sí i, má fi NVMe sí i. Wá ibi tí wọ́n kọ PWR_SW sí, ìyẹn píìnì bọ́tìnì iná, fi ẹnu sìkírùdíráfà kan píìnì méjèèjì pọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí fáànù bá yí tí kò dúró, inú kéèsì tàbí ara káàdì ni ẹ̀bi wà. Bó bá ṣì ta gìrì tó dákẹ́, padà wá sọ fún wa.

Yàgbà_Tẹ́ẹ̀kì

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ó lè fi wáyà kékeré so aláwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ dúdú lẹ́nu kébù 24, kó mọ̀ bóyá PSU ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá_Wáyà_Ìsánlú

Ó lè ṣe é, kó sì yọ kébù 24 kúrò lára bọ́ọ̀dù kó tó ṣe é. Wáyà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bí gbogbo wáyà bá dúdú, kó má fojú díwọ̀n. Kó fi fáànù kan sí i, nítorí àwọn PSU kan wà tí fáànù tiwọn kì í yí bí ara wọn bá tutù. Ohun tí ìdánwò yẹn ń sọ kò ju pé PSU lè jí. Kò sọ pé ó lè gbé ẹrù.

Bí mítà bá wà nítòsí, ìyẹn sàn jù. Yí i sí DC 20V, fi ẹnu dúdú kan wáyà dúdú. Wáyà elésè àlùkò gbọ́dọ̀ mú 5V wá nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì wà ní pípa, bí PSU bá ṣáà ti wà lára iná. Bó bá ti tàn, kí ìyeyè wà láàárín 11.4 sí 12.6, kí pupa wà láàárín 4.75 sí 5.25. Ohun tó bá jáde kúrò láàárín yìí, PSU ló ń purọ́.

Ó tún lè yí mítà sí ibi tó ń dún, kó yọ gbogbo kébù, kó fi kan píìnì 12V àti áàtì nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì CPU lórí bọ́ọ̀dù. Bó bá dún fíntín tó dákẹ́, kò burú, kàpásítọ̀ ló ń mu iná. Bó bá ń dún láìdákẹ́, ṣọ́ọ̀tì wà lórí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀.

Aláwòrán_Kábà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Èèkàn ni! Mẹ́sàn-án tó wà nínú ọ̀rá ni mo dè, bọ́ọ̀dù sì ní ihò mẹ́fà péré. Kébù CPU dára, mẹ́rin àti mẹ́rin ni. Mo gbé bọ́ọ̀dù sórí páálí, mo fi sìkírùdíráfà kan píìnì, fáànù yí, kò dúró. Mo yọ èèkàn mẹ́ta tó lé, mo dè é padà, ó ṣì ń yí. Àpá kékeré kan wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù níbi tí ọ̀kan gún, kò jó, kò dúdú.

Ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ ṣì ṣókùnkùn. HDMI wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù, mo ti fi sí i, kò sí nǹkan. Iná pupa kékeré kan tàn lẹ́bàá kébù 24, wọ́n kọ CPU síbẹ̀. Ṣé mo ti ba CPU jẹ́ ni?

Ìyá_Káfè_Ẹ̀gbẹ̀

Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. CPU tó bàjẹ́ látinú páálí kò wọ́pọ̀ rárá. Nǹkan méjì ló dàpọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Àkọ́kọ́, Ryzen 5 5600 kò ní àwòrán nínú. 5600G ló ní, lẹ́tà G yẹn ni kí o máa wò. HDMI tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù kò lè sọ̀rọ̀ láéláé bí 5600 lásán bá wà níbẹ̀. Káàdì RX 580 ni kí o fi wáyà mọ́nítọ̀ sí, kí o sì rántí kébù iná tirẹ̀, èyí tó pín sí mẹ́fà àti méjì. Bí mọ́nítọ̀ yín bá jẹ́ ti àtijọ́ tó jẹ́ VGA nìkan, RX 580 kò ní VGA, DVI rẹ̀ kò sì gbé àmì VGA jáde. Ìdè kékeré olówó pọ́ọ́kú tó kàn ń yí ẹnu DVI padà kò ní ṣiṣẹ́. Ra èyí tó ń yí HDMI sí VGA, tó ní ẹ̀rọ nínú.

Èkejì ni iná pupa yẹn. Bí bọ́ọ̀dù bá tàn, ó máa ń yẹ nǹkan wò lẹ́sẹẹsẹ: CPU, DRAM (ìyẹn RAM), VGA (ìyẹn káàdì àwòrán), BOOT (ìyẹn ibi tí Windows wà). Ibi tí iná bá dúró sí ni ọ̀rọ̀ ti há. Tìrẹ há sí CPU, BIOS àtijọ́ ni mo sì fura sí, ìyẹn ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń kọ́kọ́ jí. B450 jáde lọ́dún 2018. Ryzen 5 5600 kò jáde àfi oṣù kẹrin ọdún 2022. Bọ́ọ̀dù tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kò mọ 5600 rí. Wo páálí rẹ̀: bí wọ́n bá lẹ “AMD Ryzen 5000 Desktop Ready” mọ́ ọn, ó mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí i, BIOS ni kí o fún un kí o tó fura sí ohun mìíràn.

Wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù tàbí ara rẹ̀ bóyá bọ́tìnì kan wà tí wọ́n kọ Flash BIOS tàbí BIOS Flashback sí. Bó bá wà, o kò nílò CPU kankan. Bí kò bá sí, wá ẹni tó ní Ryzen àtijọ́, bíi Ryzen 3 2200G. Ìyẹn ní àwòrán nínú, o lè fi wọ BIOS kí o ṣe é láti inú rẹ̀. Ní Kábà tàbí Lọ́kọ́jà, o máa rí ẹni tó máa yá ọ bí wákàtí kan.

Fóònù lè wa fáìlì náà, kò tóbi. Orúkọ bọ́ọ̀dù rẹ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lára rẹ̀ ni kí o fi wá a lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, pẹ̀lú nọ́ńbà rev, ìyẹn ẹ̀dà bọ́ọ̀dù, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Fáìlì rev 1.0 kì í ṣe ti 2.0. Ka àkọsílẹ̀ tó wà lábẹ́ fáìlì náà, nítorí àwọn bọ́ọ̀dù kan ní kí o kọ́kọ́ gba BIOS àárín kí o tó dé èyí tó tuntun jù. Tú zip náà sórí fláàṣì tí kò ju 32GB lọ, tó sì jẹ́ FAT32, ìyẹn irú ètò fáìlì tí bọ́ọ̀dù lè kà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí: bí fóònù bá tún fláàṣì ṣe, ó lè sọ ọ́ di exFAT, bọ́ọ̀dù kò sì ní rí i. Fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe. Bó bá jẹ́ MSI tó ní bọ́tìnì, yí orúkọ fáìlì padà sí MSI.ROM, kí o sì rí i dájú pé kò di MSI.ROM.ROM. Kébù 24 àti ti CPU lára rẹ̀, fláàṣì sí ihò USB tí wọ́n sàmì sí, tẹ bọ́tìnì, iná kékeré á máa ṣẹ́jú. Má fọwọ́ kàn án títí á fi dẹ́kun. Ó lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Má fi iná ìjọba nìkan ṣe é, mo bẹ̀ ọ́. Má fi jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ ti ń lọ sópin ṣe é. Bí iná bá lọ láàárín, BIOS lè ṣòfò, bọ́ọ̀dù tí kò sì ní bọ́tìnì yẹn á di ti ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ sórí ṣíìpù. Fi UPS sí i, kódà UPS kékeré tó.

Ọ̀gá_Wáyà_Ìsánlú

Ìyá wa ti sọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ kan lórí yíyọ CPU, bó bá jẹ́ pé CPU àyálò lo máa lò. Lórí AM4, irú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí bọ́ọ̀dù rẹ ní, ara CPU ni píìnì wà. Fáànù tó bá 5600 wá ní ìpara tó ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì lè fa CPU jáde kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ ní títì. Má fà á sókè gbọnrangandan. Tú síkúrúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀, ní igun sí igun, yí fáànù náà sọ́tùn-ún sósì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí o fi máa mọ̀ pé ìpara ti jáwọ́, kí o tó gbé e. Kí o di irin ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù mú, torí ó máa ń já bọ́ bí síkúrúù bá jáde tán. Nu ìpara àtijọ́ kúrò pẹ̀lú sípírítì, fi tuntun tó bí hóró ẹ̀wà kan sáàárín. Nígbà tí o bá ń dá CPU padà, igun onígun mẹ́ta wúrà lórí rẹ̀ kọjú sí ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ bọ́ sínú ihò. Ìka kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Aláwòrán_Kábà

Páálí kò ní àkọlé Ryzen 5000 yẹn. Bọ́tìnì sì wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù, mi ò mọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fi UPS ṣe é. Ìgbà àkọ́kọ́ kò ṣẹ́jú rárá, exFAT ni fláàṣì náà. Mo sọ ọ́ di FAT32, ó ṣẹ́jú bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó parí. Iná CPU ti kú. Ní báyìí iná DRAM ló ń tàn, kọ̀ǹpútà ń pa ara rẹ̀, ó ń tan ara rẹ̀, ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìyá_Káfè_Ẹ̀gbẹ̀

Ní suúrù ìṣẹ́jú méjì sí i. Lẹ́yìn BIOS tuntun, bọ́ọ̀dù máa ń kọ́ RAM lẹ́kọ̀ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè pa ara rẹ̀ tan ara rẹ̀ ní ìgbà méjì mẹ́ta.

Bí kò bá kọjá, pa á, yọ méjèèjì. Ihò RAM mẹ́rin ni, àbí? Ka láti ẹ̀gbẹ́ CPU: èkejì àti ìkẹrin ni ti RAM méjì. Kọ́kọ́ fi ọ̀kan ṣoṣo sí èkejì. Tẹ orí rẹ̀ ní igun méjèèjì títí etí á fi dún kọ́ọ́. Àwọn bọ́ọ̀dù kan ní etí lápá kan ṣoṣo, apá kejì kì í sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń gbé sókè díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ wúrà rẹ̀ bá dọ̀tí, fi ìrésà rọra nù ún. Lẹ́yìn náà kí o gbìyànjú èkejì nínú ihò kan náà, kí o lè mọ̀ bóyá RAM ni àbí ihò. Bó bá ṣì kọ̀, yọ bátìrì CR2032 fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí PSU wà ní yíyọ lára ògiri, dá a padà.

Aláwòrán_Kábà

Ihò kìíní àti ìkẹta ni mo fi wọ́n sí. Mo gbé wọn sí èkejì àti ìkẹrin, ọ̀kan dún kọ́ọ́ tí kò dún tẹ́lẹ̀. Ó ti tàn! BIOS fojú hàn: Ryzen 5 5600, 16384MB, RAM ń sá ní 2400, ara CPU 41°C. Iná BOOT ló kù tó ń tàn.

Ọ̀gá_Wáyà_Ìsánlú

BOOT yẹn kì í ṣe àìsàn, NVMe rẹ ṣófo ni. Fi Windows sí i. Fi RAM sílẹ̀ ní 2400 títí Windows á fi wọlé tán tí yóò sì lo ọjọ́ kan láìdúró, kí o tó lọ tan XMP, ètò inú BIOS tó ń mú RAM sáré dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára, fún 3200. Bí o bá tan án nísinsìnyí tí nǹkan sì ṣẹlẹ̀, o ò ní mọ èwo ló ṣe é.

Kí o ṣọ́ RX 580 àlòkù yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n fi wa owó kíríptò tí wọ́n sì yí BIOS rẹ̀ padà. Bó bá ń jáde lójú iṣẹ́ tàbí tó ń mú ilà aláwọ̀ wá, kọ́kọ́ wo bóyá swíìṣì kékeré kan wà lókè rẹ̀, tì í sí apá kejì nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wà ní pípa.

Mọ̀pà_Iná

Mo kà á látòkè. Ẹ kú iṣẹ́. Nǹkan kan ni mi ò rí kí ẹnikẹ́ni béèrè: kí ni wọ́n kọ sára PSU níbi Input?

Aláwòrán_Kábà

200-240V. Ìbéèrè mi tó kù gan-an nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ṣọ́ọ̀bù náà ní ínfátà, ṣé ó lè gbé e?

Mọ̀pà_Iná

Ó yẹ kí o mọ̀ ọ́n kó má baà dà ọ́ láàmú lálẹ́. PSU tí wọ́n kọ 100-240V sí lè ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá rẹlẹ̀ sí 150V. Tìrẹ kò ní í jí. O máa tẹ bọ́tìnì títí, o máa rò pé gbogbo ohun tí ẹ tún ṣe yìí ti bàjẹ́ padà, nígbà tó jẹ́ pé iná ni kò dé. Kí o tó tú kéèsì, fi mítà wọn ògiri: AC, 750V. Bó bá wà lábẹ́ 200, pa kéèsì dé. Sítábíláísà tó lè gbé 1000VA tó fún kọ̀ǹpútà yìí àti mọ́nítọ̀, má so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá mọ́ ọn.

Ti ínfátà: wo ara rẹ̀ bóyá pure sine ni, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti ìjọba. Bó bá jẹ́ modified sine, PSU tó ní active PFC, ẹ̀yà tó ń tún bó ṣe ń fa iná ṣe, lè kọ̀ ọ́, ó lè máa kùn, tàbí kó pa ara rẹ̀ ní gbàrà tí UPS tàbí ínfátà bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iná ìjọba. Kò ní bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í gbà á. Pure sine ni kí wọ́n lò.

Àwọn PSU olówó pọ́ọ́kú kan ṣì ní swíìṣì pupa lẹ́yìn, 115 àti 230. Tìrẹ kò ní, nítorí 200-240V ló kọ. Ṣùgbọ́n bí o bá tún ẹlòmíràn tò, kọ́kọ́ wo swíìṣì yẹn kí ó wà ní 230. Bó bá wà ní 115 tí wọ́n sì fi í sí iná wa, ìró kan ṣoṣo lo máa gbọ́, èéfín á sì tẹ̀ lé e.

Aláwòrán_Kábà

Pure sine ni ínfátà náà. Windows ti ń wọlé. Èèkàn mẹ́ta tó ṣẹ́kù ti wà nínú ọ̀rá, mo fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú kéèsì pẹ̀lú àkọlé “bọ́ọ̀dù yìí, mẹ́fà péré”, fún ẹni tó bá máa ṣí i lọ́jọ́ iwájú.